Ẹ Yé Bú Ẹni Tó Ra Pọ́ọ́kú

  Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń dùn mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Bí mi ò bá sọ ọ́ síbí, mi ò mọ ibòmíràn tí màá ti sọ ọ́.

Yàrá wa ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń gbé ra kámẹ́rà kékeré kan, tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ lọ sóde ìyàwó ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti tún di àrà. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ń wá kámẹ́rà àtijọ́ kiri, torí pé fọ́tò rẹ̀ máa ń rí bíi tayé ọjọ́un. Bọ̀ọ̀dá yìí sanwó, ó gbé e délé, ó ṣí i, kò rí ibi tó máa ki káàdì tó ní lọ́wọ́ bọ̀. Káàdì xD ni kámẹ́rà náà ń lò, èyí tí Olympus àti Fujifilm gbé jáde ní 2002, tí wọn ò sì ṣe mọ́. Ó pa dà lọ bá ẹni tó tà á fún un. Onítọ̀hún ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á pa dà.

Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn nínú yàrá ti lanu. Ó ní, "Ẹni tó bá ra pọ́ọ́kú, ìyà ló rà. Bí àwọn ará ilé yín létí òkun náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á ra kámẹ́rà páńda, wọ́n á wá máa sunkún kiri." Èmi ló ń bá wí. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín funfun lásán ni, inú mi ò dùn rárá.

Mo wá ń fún un lésì lónìí. Irọ́ ni! Kì í ṣe pọ́ọ́kú ló pa wá. Ẹni tó mọ̀ pé ọjà òun kò tó ohun tó kọ sára páálí, tó sì tà á, òun ló yẹ ká bú. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bí ẹni pé kò sí èèyàn kankan tó ń gbé létí omi iyọ̀, òun náà ló yẹ ká bú. Lẹ́yìn ìyẹn, tí èébú bá ṣì ṣẹ́ kù, ká wá fi díẹ̀ bú ara wa. Ó nídìí.

Kí ló dé táwọn èèyàn wa fi rà á? Ẹni tí kò bá tíì wọkọ̀ ní èbúté Igbókòdá rí lè má mọ̀. Láti ibẹ̀ lọ sí Ayétòrò tàbí Awóyè, ojú omi ni ọ̀nà wa. Láyé fíìmù, fótógíráàfà kan ló máa ń wá láti Igbókòdá nígbà ọdún tàbí nígbà ìsọmọlórúkọ. Fíìmù rẹ̀ ń ya fọ́tò 36, bí 36 ò bá sì tíì pé, kò ní lọ fọ̀ ọ́. Ìwọ á dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan. Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó yàwòrán á ti kú sin kí fọ́tò rẹ̀ tó dé. Bó bá sì dé, tó o rí i pé o dijú, ó ti parí nìyẹn. Ta ni yóò tún un yà?

Nígbà tó di 2006, àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń ta edé àti ẹja gbígbẹ, lọ Èkó lọ tajà, ó sì gbé kámẹ́rà onídíjítà bọ̀. Ó kéré bíi páálí ọṣẹ. Èmi ò tíì dá ọwọ́ ọ̀tún mọ̀ yàtọ̀ sí òsì nígbà náà, ṣùgbọ́n ìtàn ọjọ́ yẹn, mo ti gbọ́ ọ títí ó fi há mi lórí. Wọ́n ní ó ya ìyá àgbà mi, ó yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí i, ìyá àgbà sì rí ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá yẹn kígbe. Ó ní kí wọ́n tún un yà, òun fẹ́ lọ wé gèlè. Lówó tí kò tó owó ẹja agbọ̀n mélòó kan! Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, ṣé o ò ní rà á ni?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú wọn rí.

Àkọ́kọ́, bátìrì. Bátìrì AA méjì ló ń lò, irú èyí tá à ń kì sínú aago ara ògiri. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, àǹtí mi ki tuntun méjì bọ̀ ọ́, ó ya fọ́tò bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kámẹ́rà ní bátìrì ti tán. Wọ́n yọ bátìrì, wọ́n ki í sínú rédíò. Rédíò kọrin fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Làwọn ará ilé bá ní kámẹ́rà àjẹ́ ni, pé ó ń mu bátìrì bí ẹní mu omi. Kì í ṣe àjẹ́. Rédíò kékeré ń fa iná díẹ̀díẹ̀. Kámẹ́rà ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó ń ti ojú rẹ̀ síta, ó ń tan gíláàsì ẹ̀yìn, ó tún ń gbá iná jọ fún fíláàṣì. Bátìrì yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń tà lójú títì kò lè gbé ẹrù bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ á wálẹ̀ lójijì, kámẹ́rà á sì rò pé ó ti kú. Bátìrì tó ń gba ṣájì ló yẹ ẹ́. Ṣé ẹni tó tà á sọ bẹ́ẹ̀? Kò sọ. Ká tiẹ̀ ní ó sọ ọ́, iná wo la fẹ́ fi ṣájì rẹ̀ létí òkun? Epo jẹnẹrétọ̀ la ó rà. Kámẹ́rà pọ́ọ́kú ti di kámẹ́rà olówó ńlá nìyẹn, ìwọ ò sì tíì tẹ fọ́tò kankan jáde.

Ìkejì, irọ́ ara páálí. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé, irú kámẹ́rà kan gbòde tí wọ́n kọ mẹgapísẹ̀lì 12 sára páálí rẹ̀, gàdàgbà. Tó o bá fara balẹ̀ ka ìwé wínníwínní inú rẹ̀, wàá rí i pé 5 lojú inú kámẹ́rà náà lè rí. Kámẹ́rà ló ń fi ọgbọ́n orí ṣe ìyókù, ó ń méfò ohun tó ṣeé ṣe kó wà láàárín àmì kan sí ìkejì. Bu gaàrí ife kan, da omi sí i, yóò wú títí yóò fi kún abọ́. Gaàrí ife kan náà ni! Ẹ wò ó, nígbà tí Steven Sasson ṣe kámẹ́rà onídíjítà àkọ́kọ́ ní iléeṣẹ́ Kodak ní 1975, ó wúwo tó kílò mẹ́ta àbọ̀, ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 23 láti kọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo àmì tó wà nínú àwòrán ọ̀hún kò sì ju 10,000 lọ. 10,000 náà ló sọ pé ó jẹ́. Kò bu omi sí gaàrí ẹnikẹ́ni.

Ìkẹta tiẹ̀ tún wá bí mi nínú jù. Tó o bá dúró sí etí òkun lọ́sàn-án gangan, ọ̀run funfun lẹ́yìn rẹ, omi ń kọ mànà, kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú máa ń wo gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn pọ̀, yóò ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Ojú rẹ á wá dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àǹtí mi gbé e pa dà lọ sí Èkó lọ fẹjọ́ sùn. Ṣé ẹ mọ èsì tí ẹni tó tà á fún un fọ̀? Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ dúdú jù." Hàbà! Bọ́tìnì kan wà lára kámẹ́rà yẹn tí wọ́n ń tẹ̀ kí fíláàṣì lè tàn kódà lójú oòrùn. Òun ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń bọ́ sójú èèyàn táwòrán á fi dáa. Ẹni tó ń ta nǹkan ọ̀hún kò mọ̀ ọ́n, tàbí ó mọ̀ ọ́n, ó kàn rọrùn fún un láti bú awọ ara oníbàárà ni.

Ìkẹrin, iyọ̀ àti yanrìn. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ojú kámẹ́rà yẹn máa ń yọ síta, ó sì máa ń wọlé. Yanrìn ẹyọ kan tó bá há sáàárín rẹ̀, kò ní wọlé mọ́, kò sì ní yọ mọ́. Atẹ́gùn òkun ní tirẹ̀ máa ń mú irin tí bátìrì ń kàn dípẹtà, á ràn, á di àwọ̀ ewé. Fótógíráàfà kan ní Zion Pepe lo irú kámẹ́rà mẹ́ta láàárín ọdún méjì kó tó pa dà sídìí àwọ̀n rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó ń ro mí lára.

Tíṣà kan wà ní tiwa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀, ó ra kámẹ́rà pọ́ọ́kú pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé, ìgbàkígbà tí omi bá ti ya wọ ìlú, yóò lọ dúró sí ojú kan náà, yóò ya ibẹ̀. Lọ́dún kan, ilé mẹ́rin ló wà láàárín òpó iná àti omi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé méjì. Lẹ́yìn náà, òpó nìkan. Lẹ́yìn náà, omi. Ẹ gbà pé ọlọ́gbọ́n èèyàn ni. Àwọn onímọ̀ tí ìjọba ń sanwó fún kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ kámẹ́rà irú yẹn, tí bátìrì bá ti jáde nínú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, aago inú rẹ̀ á gbàgbé ọjọ́, á pa dà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ sì ti mọ ọ̀rọ̀ bátìrì. Gbogbo ìgbà ni tíṣà ń yọ ọ́, gbogbo ìgbà ló ń ki òmíràn, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ ti sá. Kámẹ́rà sì ń tẹ ọjọ́ yẹn sígun fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ọsàn. Nígbà tí àwọn àgbà ìlú kó fọ́tò yìí dání lọ sí ọ́fíìsì kan láti fi hàn pé ọdún dé ọdún ni òkun ń jẹ àwọn, akọ̀wé ibẹ̀ gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo lòkun gbé gbogbo ilé yìí lọ ni? Lọ́jọ́ ọdún tuntun?" Ó dá a pa dà fún wọn. Àwọn àgbà tó fi wákàtí mélòó kan wọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n tún wọ mọ́tò, kó fọ́tò wọn sápò, wọ́n sì wálé.

Ṣé ìyẹn náà yẹ fún ẹ̀rín?

Ẹ má gbàgbé ìlú tá à ń sọ. Ní 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó lórí ẹrẹ̀ àti omi. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń pín èrè, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n sì ti ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀ gbígbẹ ṣì ń tan fìtílà. Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ní 2004 ni wọ́n gbé iṣẹ́ àgbàṣe síta pé kí wọ́n wá dènà omi fún un. Ní 2009 wọ́n tún gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Òkun kò dúró de ìwé àdéhùn. Níbi tí nǹkan ti rí báyìí, fọ́tò tó ní ọjọ́ tó péye kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ẹ̀rí ni. Ẹni tó ta kámẹ́rà tí kì í rántí ọjọ́ fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí kò sì kìlọ̀, kí la fẹ́ pè é?

Tèmi náà rèé. Ilé ìyá àgbà mi, ilé pákó tí wọ́n bí ìyá mi sí, àǹtí mi yà á dáadáa. Ó ya ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ya afárá pákó iwájú ilé, ó ya ìyá àgbà níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe pẹ̀lú gèlè tó lọ wé lọ́jọ́ yẹn. Kò tẹ ìkankan jáde. Kí ni yóò tẹ̀ ẹ́ sí? "Ó kúkú wà nínú kámẹ́rà." Gbólóhùn yẹn ló pa wá! Nígbà tí omi lé wọn kúrò, wọ́n di káàdì náà sínú ọ̀rá, wọ́n kó o mọ́ aṣọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kí òun tún káàdì náà tò látòkèdélẹ̀. Ọmọ tó jókòó síbẹ̀ kò kà á, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí. Lónìí tó o bá ní kí n fi ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí hàn ọ́, omi ni màá nawọ́ sí.

Mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi yóò sọ. Yóò ní, "Kí ló dé tí wọn ò ra gidi?" Ọ̀rẹ́, gidi ìgbà yẹn tó èló? Owó ọkọ̀, owó àwọ̀n, owó ilé ìwé ọmọ, èwo ni kí ẹlẹ́ja fi sílẹ̀? Pabanbarì rẹ̀ ni pé gidi náà ní káàdì, gidi náà ní aago, gidi náà ní irin tí iyọ̀ ń jẹ. Kámẹ́rà olówó gọbọi tí kò sẹ́ni tó tẹ fọ́tò inú rẹ̀ jáde, ọ̀kan náà ni òun àti tàǹtí mi.

Ẹ jẹ́ ká wo Ìbíní tí kò jìnnà sí wa. Olóyè Solomon Osagie Alonge ń ya àwòrán níbẹ̀ láti bíi ọdún 1930 sókè, ó ya ààfin Ọba, ó ya àwọn ará ìlú. Orí gíláàsì àti fíìmù ló yà wọ́n sí. Ó kú ní 1994, àwòrán rẹ̀ kò kú. Ní 2014, Smithsonian pàtẹ wọn ní Washington fáyé rí. Kí ló fà á? Kì í ṣe owó kámẹ́rà rẹ̀ ló fà á. Ohun tó ṣeé dì mú lọ́wọ́ ló kù lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan sì tọ́jú rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni èébú ti kàn wá. Fótógíráàfà Igbókòdá tó ń fi wá ṣòfò ọ̀sẹ̀ méjì, tá à ń bú nígbà náà, ó ń gbé bébà fún wa, ó sì tún ní nẹ́gẹ́tíìfù nílé. A rí ohun tó yá, a ju bébà nù. A fi ojú rírí rọ́pò ìtọ́jú.

Kí wá ni ṣíṣe? Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má ra pọ́ọ́kú o. Ohun tí mo ń sọ ni pé pọ́ọ́kú kò gbọdọ̀ jẹ́ irọ́.

Òfin wà. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, ní ẹni tó bá ń ta àlòkù gbọ́dọ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé àlòkù ni. Ó ní àpèjúwe ọjà kò gbọ́dọ̀ tan oníbàárà jẹ. Ó ní tó o bá ti sọ fún ọlọ́jà pé iṣẹ́ báyìí lo fẹ́ fi nǹkan ṣe, tí nǹkan ọ̀hún kò sì lè ṣe é, o lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a pa dà láìpẹ́, kó o sì gba owó rẹ. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri pé àwọn kì í gba ọjà pa dà, ẹ má jẹ́ kó máa dẹ́rù bà yín. Bọ̀ọ̀dá yàrá wa, múra, màá bá ọ lọ. Tí a bá dé ibẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó ṣì fẹ́ ra tòkunbọ̀ yìí, ẹ gbé bátìrì àti káàdì tiyín dání lọ sọ́jà. Ẹ ṣí ilé bátìrì, ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ tàn án, ẹ pa á, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá yanrìn ń dún nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò kan, ẹ yọ bátìrì, ẹ dá a pa dà, ẹ wo ọjọ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó lẹ ó ṣe gbogbo èyí o.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wa yìí ńkọ́? Ẹ ń kọ ewì nípa òkun lóṣooṣù. Ó dáa. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ. Kámẹ́rà yòówù kó jẹ́, fóònù yòówù kó jẹ́. Ká ya ilé tó kù, ká ya ojú àwọn àgbà tó kù. Ká tẹ̀ wọ́n jáde ní ẹ̀dà méjì, ká fi bírò kọ orúkọ, ibi, àti ọjọ́ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ onílé, ká kó èkejì wálé. Bírò olówó pọ́ọ́kú mọ ọjọ́ ju kámẹ́rà lọ.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tó bú wa, ìwọ ni mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ bá wa lọ. Mú fóònù olówó ńlá rẹ dání. Tó o bá dé etí omi, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Iyọ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé èló lo rà á.